Àkànní, Má Fi Òṣùpá Yan Kámẹ́rà

Àkànní ọkọ mi,

O kú òtútù, o kú iṣẹ́. Ara bàbá rẹ ti yá, orúnkún ọ̀tún nìkan ló ṣì ń dùn ún tó bá gun àtẹ̀gùn. Ó ní kí n kí ọ.

Fọ́tò òṣùpá tí ọ̀rẹ́ rẹ fi kámẹ́rà Nikon P1000 yà tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo pe bàbá rẹ kó wá wò ó. Àwa méjèèjì gbé fóònù sáàrin, a ń wo àwọn kòtò ojú òṣùpá bí ẹni pé a lè na ọwọ́ kàn wọ́n. Fọ́tò náà dára gan-an. Ṣùgbọ́n o béèrè bóyá kí o ra irú rẹ̀ kí o tó wálé lóṣù Ṣẹ́rẹ́, kí o lè gbé e dé ọgbà ẹranko Yankari ní Bauchi, kí èmi pẹ̀lú rẹ sì jọ gbé e wọ igbó IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn níbí. Ìdáhùn yẹn gùn ju ohun tí mo lè tẹ̀ sórí WhatsApp lọ. Ìdí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà nìyẹn.

Òṣùpá kò ṣòro yà, ọmọ mi. Oòrùn ló ń ràn sí i lára. Ẹni tó bá yà á lóru, ohun tó wà nínú oòrùn ọ̀sán gan-an ló yà, ibi tí òun fúnra rẹ̀ dúró sí nìkan ló ṣókùnkùn. Òṣùpá kì í fò, kì í sì í sá wọ ẹ̀yìn ewé. Kámẹ́rà tó bá ti lè fa ohun ọ̀nà jíjìn mọ́ra ti tó o yà. Fọ́tò òṣùpá kò lè sọ fún ọ bí kámẹ́rà yẹn yóò ṣe ṣe lábẹ́ igi ìrókò ní aago méje àárọ̀.

Ohun tí ojú mi rí ni mo ń sọ. Lẹ́yìn tí mo ti ṣọ́ọ̀bù Mọ́kọ́lá pa, tí mo ti fi ọdún 27 ya ìyàwó, ya ìkómọ, ya òkú àgbà, ẹyẹ ló wù mí láti máa yà. O ti wà ní Leeds nígbà náà. Mo kó owó jọ, mo ra kámẹ́rà tí súùmù rẹ̀ gùn jù nínú gbogbo èyí tí agbára mi ká. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e wọ igbó IITA, ọmọkùnrin tó ń mú wa rìn dúró lójijì, ó na ìka sókè. Ibadan malimbe ni. Ìdílé ẹ̀gà ló ti wá, ara rẹ̀ dúdú, orí àti àyà rẹ̀ pupa fòò bí ẹni pé wọ́n fi osùn kùn ún. Ọdún 1958 ni wọ́n tó kọ nípa rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ẹyẹ lágbàáyé, tí wọ́n fi orúkọ ìlú wa pè é. Kò sí níbòmíràn láyé àfi ní ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà níbí, ó sì wà lára àwọn ẹyẹ tí wọ́n ń bẹ̀rù pé wọ́n lè run.

Ó bà sórí okùn igi kan lókè. Mo gbé kámẹ́rà, mo fa súùmù dé òpin, mo tẹ̀ ẹ́ léraléra títí ó fi fò lọ. Nígbà tí mo délé tí mo wò wọ́n lórí kọ̀ǹpútà, pupa kan tó rá mọ́ dúdú ni mo rí nínú gbogbo wọn. N kò rí ìyẹ́, n kò rí ojú, n kò rí ẹnu. Mo ti padà síbẹ̀ nígbà púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, n kò tíì tún rí ẹyẹ náà. Ó ń dùn mí títí di òní, n kò sì fẹ́ kó dun ìwọ náà.

Ọwọ́ mi kò gbọ̀n lọ́jọ́ náà. Ìmọ́lẹ̀ ni kò tó.

Ohun méjì ló ń gba ìmọ́lẹ̀ fún kámẹ́rà. Èkíní ni ẹnu lẹ́ńsì, bó ṣe fẹ̀ tó. Èkejì ni sẹ́ńsọ̀, awẹ́ pẹlẹbẹ tó wà nínú, tí ìmọ́lẹ̀ ń bà lé. Òun ló gba ipò fíìmù tí èmi fi kọ́ṣẹ́. Ronú pé òjò ń rọ̀, o sì gbé igbá kékeré kan àti ọpọ́n ìfọṣọ kan síta. Tó bá jẹ́ òjò ńlá, méjèèjì ni yóò kún, o kò ní mọ ìyàtọ̀ wọn. Tó bá jẹ́ òjò wínníwínní, ọpọ́n yóò rí omi díẹ̀ kó jọ, igbá kàn máa tutù lójú lásán ni. Inú igbó, òjò wínníwínní ni ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀.

Sẹ́ńsọ̀ tó wà nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà onísúùmù gígùn, èyí tí wọ́n ń kọ ní 1/2.3, kò ju nǹkan bíi mílímítà 6.2 sí 4.6 lọ. Èékánná ìka ọmọńdinrín rẹ fẹ̀ jù ú lọ. Òun ló wà nínú Nikon P900, P950, P1000, àti Canon SX70. Ẹ̀yà kejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní ti íńṣì kan. Kò pé íńṣì kan tí a bá fi rúlà wọ̀n ọ́n o, mílímítà 13.2 sí 8.8 ni, ṣùgbọ́n fífẹ̀ rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin ti àkọ́kọ́. Òun ló wà nínú Sony RX10 IV àti Panasonic FZ1000.

O lè béèrè pé kí ló dé tí wọn kò fi sẹ́ńsọ̀ ńlá sínú P1000. Tí wọ́n bá fi í sí i, ọmọ mi, o kò ní lè gbé e. Wọ́n ń polówó rẹ̀ pé súùmù rẹ̀ dé mílímítà 3000, ṣùgbọ́n gígùn lẹ́ńsì náà gan-an, mílímítà 539 ni. Kíkéré tí sẹ́ńsọ̀ kéré ló sọ 539 di 3000. Pẹ̀lú bẹ́ẹ̀ náà, ó ju kílò kan lọ dáadáa: gíráàmù 1415 ni wọ́n wọ̀n ọ́n sí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí o má ṣe jẹ́ kí “ìlọ́po” tí wọ́n ń fi polówó gbà ọ́ lọ́kàn. Ìlọ́po 125, ìlọ́po 83, ìlọ́po 65: ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi ìbẹ̀rẹ̀ súùmù pín òpin rẹ̀. P900 bẹ̀rẹ̀ láti 24, ó parí sí 2000, ló ṣe di ìlọ́po 83. RX10 IV bẹ̀rẹ̀ láti 24, ó parí sí 600, ìlọ́po 25 péré. Ẹni tó bá wo iye yẹn nìkan á ní kámẹ́rà kejì kò tó nǹkan. Nọ́ńbà tí mo fẹ́ kí o máa wá ni ti ẹnu lẹ́ńsì nígbà tí súùmù bá ti dé òpin. Ti P900 jẹ́ f/6.5, ti P1000 jẹ́ f/8, ti RX10 IV jẹ́ f/4. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe ń ga ni ẹnu ń kéré. f/4 ń jẹ́ kí ìlọ́po mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ f/8 wọlé. Fi èyí kún sẹ́ńsọ̀ tó fẹ̀ jù ní ìlọ́po mẹ́rin, kí o wá mọ ohun tí mo gbé wọ igbó lọ́jọ́ yẹn.

Kámẹ́rà tí mò ń lò báyìí ni FZ1000, tòkunbọ̀. Ọdún 2014 ni irú rẹ̀ jáde, súùmù rẹ̀ kò kọjá 400. Mo ti fi ya agbe, mo ti fi ya àgbìgbò nígbà tó ń fò, mo ti fi ya ọ̀bọ inú ọgbà Lekki ní ìrọ̀lẹ́ tí ojú ọjọ́ ti ń ṣú. Nígbà tí ẹyẹ bá kéré jù nínú fọ́tò, mo máa ń gé etí fọ́tò náà dànù. Mílíọ̀nù 20 àmì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní pixel ló wà nínú fọ́tò kan. Tí o bá gé e kó lè dà bí ẹni pé o fa súùmù di ìlọ́po méjì, mílíọ̀nù 5 ló kù, ìyẹn sì tó fún ojú fóònù, ó tó fún fọ́tò kékeré tí a lè gbé kọ́ sára ògiri pálọ̀.

Ṣùgbọ́n n kò gbọ́dọ̀ fi ìrora tèmi sọ̀rọ̀ Yankari fún ọ. Yankari kì í ṣe igbó dúdú. Pápá ni, koríko á ti gbẹ lóṣù Ṣẹ́rẹ́, àwọn ẹranko á máa wá sí etí odò Gaji láti mu omi, ìmọ́lẹ̀ sì pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí àwa ìyá ṣọ́ọ̀ṣì lọ, ọ̀nà jíjìn ni àwọn erin dúró sí, ọkọ̀ kò sì lè kúrò lójú ọ̀nà. Nínú fọ́tò tèmi, àwọn erin náà kàn rí bíńtín ni. Ọkùnrin tó jókòó níwájú mi gbé kámẹ́rà onísúùmù 2000 dání, ó sì ya ìpéǹpéjú erin. Mo rí i lójú ẹ̀rọ rẹ̀, ó mọ́ kedere. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni. Nígbà tó di ọ̀sán, ooru ti ń jó lórí ilẹ̀, eruku ọyẹ́ sì dúró sójú ọ̀run. Ohun tó bá ti jìnnà ń gbọ̀n bí ohun tó wà lábẹ́ omi. Kámẹ́rà ọkùnrin náà kò rí nǹkan kan yà mọ́, bẹ́ẹ̀ ni tèmi. Kò sí lẹ́ńsì tó ń yanjú ìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ya Yankari gbọ́dọ̀ jí ní kùtù. Ní Wikki, lẹ́bàá omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ yẹn, àwọn ọ̀bọ ńlá yóò wá bá ọ dé ibi tábìlì oúnjẹ, o kò ní nílò súùmù rárá.

Tó bá jẹ́ Yankari nìkan lo fẹ́ lọ, màá ní kí o ra P950. Ọdún 2020 ló jáde, súùmù 2000 kan náà ni, ó fúyẹ́ ju P1000, ó sì ń pa fọ́tò mọ́ ní RAW, èyí tí P900 kì í ṣe. RAW dà bí fíìmù tí a kò tíì fọ̀: o lè tún ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ rẹ̀ ṣe nílé. Ṣùgbọ́n o sọ fún mi pé o ń lọ wo àwọn ẹyẹ òkun gannet àti puffin ní Bempton Cliffs, etí òkun lọ́hùn-ún, lọ́dọọdún. Àwọn ẹyẹ yẹn ń fò kọjá lójú èèyàn pẹ́kípẹ́kí, afẹ́fẹ́ òkun ń gbé wọn. Súùmù 2000 kò wúlò fún ẹyẹ tó ń fò kọjá báyẹn. Kí o tó wá a rí nínú ojú ihò tóóró yẹn, ó ti lọ. Kámẹ́rà tó tètè ń rí ohun tó ń sáré lo nílò. O tún fẹ́ wọ igbó pẹ̀lú mi. Mo pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo sì rí i pé RX10 IV ló bá ọ mu, 600 náà sì dé ibi tí 400 tèmi kò dé. Ọdún 2017 ló jáde, nítorí náà tòkunbọ̀ rẹ̀ yóò wà. Ó wọ́n, mo mọ̀. Tí owó kò bá tó, ra FZ1000 bíi tèmi, kí o fi ìyókù sọ́wọ́. Má yáwó ra kámẹ́rà.

Tí o bá máa ra tòkunbọ̀, fa súùmù rẹ̀ lọ sókè sódò léraléra, kí o tẹ́tí sí i: kò gbọ́dọ̀ dún gìrì, kò gbọ́dọ̀ há. Tan tọ́ọ̀ṣì sínú lẹ́ńsì, kí o wò ó bóyá ohun kan bí òwú aláǹtakùn wà níbẹ̀. Èbu ni, ó sì ń ràn. Ya ògiri funfun, kí o wá àmì dúdú. Lẹ́ńsì kámẹ́rà wọ̀nyí kì í ṣe é yọ, eruku tó bá ti wọlé, àfi kí wọ́n tú u. Ra bátìrì méjì kún tirẹ̀, kí o kó wọn sínú àpò ọwọ́ nínú bàálù, wọn kì í gbà wọ́n sínú ẹrù ìsàlẹ̀. Mo ti rán àpò aṣọ kékeré kan fún ọ, mo kó ẹ̀wà sínú rẹ̀. Orí fèrèsé ọkọ̀ lo máa gbé e lé, kí kámẹ́rà sinmi lé e. Ó sàn ju irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ nínú ọkọ̀.

Jọ̀wọ́, tí o bá dé, má gbé lẹ́ńsì gígùn sókè nítòsí bárékè ológun tàbí pápákọ̀ òfuurufú. Inú àpò ni kó wà títí a ó fi dé ibi ẹranko. Tí a bá sì rí ìtẹ́ ẹyẹ, a ó dúró lókèèrè, bí fọ́tò náà kò tiẹ̀ dára.

Tí o bá rà á ní ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́hùn-ún, o ní ọjọ́ 14 lẹ́yìn tó bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ láti sọ fún wọn pé o fẹ́ dá a padà. Lo ọjọ́ náà. Jí ní kùtù, kí iná tó tàn ní ilé kejì, kí o ṣí fèrèsé ẹ̀yìn, kí o ya àwọn ẹyẹ kéékèèké inú ọgbà yẹn tí o máa ń sọ pé wọ́n ń pariwo. Má tan iná, má fi fíláàṣì sí i. Fi mẹ́ta tó dára jù ránṣẹ́ sí mi bó ṣe rí, má ṣe tún un ṣe. Màá fà wọ́n tóbi, màá wá ojú ẹyẹ náà. Tí mo bá rí i, màá pè ọ́.

Èmi ni,
Màámi rẹ
Ìbàdàn