Kókó ìgbọ̀nwọ́ àti egbò ẹsẹ̀ màmá mi, làkúrègbé náà ni

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ nípa làkúrègbé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dáa gan-an, ṣùgbọ́n oríkèé nìkan lẹ sọ, ẹ ò mẹ́nu ba awọ ara rárá, bẹ́ẹ̀ awọ ara ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ màmá mi.

Àkàrà ni wọ́n ń dín. Ó ti ń lọ sí ọdún 12 tí rheumatoid arthritis ti wọ̀ wọ́n lára, ìyẹn irú làkúrègbé tó máa ń wú ọwọ́ méjèèjì pọ̀, tí wọ́n bá jí láàárọ̀ ó máa ń lé ní wákàtí kan kí ìka wọn tó ká. Kì í ṣe orúnkún ogbó o, wọn ò tíì pé 45 nígbà tó bẹ̀rẹ̀.

Kókó ló kọ́kọ́ yọ sí ìgbọ̀nwọ́, ó le bíi kóró àgbálùmọ̀ lábẹ́ awọ, kì í dùn wọ́n. Bàbá kan ládùúgbò ní ẹ̀jẹ̀ burúkú ló dì síbẹ̀, ó sín gbẹ́rẹ́ sí i, ibẹ̀ kẹ̀, ó ń ṣọyún. Ẹ̀yìn ìyẹn la tó gbọ́ lẹ́nu dókítà pé làkúrègbé náà ló so kókó yẹn, nínú èèyàn 100 tó ní àìsàn yìí bíi 20 sí 30 ló máa ń ní in, pàápàá níbi tí ara ti máa ń fara ti nǹkan, tí kò bá sì ti kẹ̀ tí kò dí ọwọ́ lọ́wọ́, kí wọ́n fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Èyí tó bà mí lọ́kàn jẹ́ jù ni ti ẹsẹ̀. Àmì dúdú tíntìntín kọ́kọ́ yọ létí èékánná wọn, a ní epo gbígbóná ló ta sí wọn, ta ló máa rò ó síbòmíì. Kò pẹ́ egbò ṣí lókè ọrùn ẹsẹ̀, oṣù kan, oṣù méjì, oṣù mẹ́ta, kò jinná, àwọn èèyàn ti ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé wọ́n tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ níta, pé ẹnì kan ló ń bínú ọjà wọn, àwọn oníbàárà náà bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Ẹni tó ń bá wa wẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì ń ha á, ó ń da ìyẹ̀fun kápúsù sí i, ńṣe ló ń fẹ̀ sí i. Mo sunkún o.

Ohun tí dókítà fi yé wa ni pé àwọn sójà tí Ọlọ́run fi sínú ara láti lé àìsàn ló ṣìnà, oríkèé ni wọ́n ń bá jà tẹ́lẹ̀, wọ́n wá kọjú sí àwọn iṣan kéékèèké tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí awọ, iṣan yẹn wú, ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀ mọ́, awọ náà kú. Ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu àìsàn náà ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ni ìyẹ̀fun kápúsù fẹ́ ṣe sí ẹ̀jẹ̀ tí ò dé? Oríṣi egbò mìíì tún wà, etí ẹ̀ máa ń ní àwọ̀ elésè àlùkò, ó máa ń ro èèyàn gan-an, bí wọ́n bá ṣe ń ha ìyẹn ló ṣe ń ràn.

Àdàlù oògùn inú ọ̀rá tí wọ́n máa ń rà náà dá kún un, dexamethasone, oògùn alágbára tó ń mú wíwú rọlẹ̀, wà nínú ẹ̀. Ara á fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì, ìdí tí màmá mi fi fẹ́ràn ẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n tó bá pẹ́ á sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, egbò ò sì ní tètè jinná. Ẹni tó ti ń lò ó tipẹ́, ẹ má dá a dúró lójijì o, dókítà ló máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Oṣù méje ni egbò yẹn fi jinná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá dókítà oríkèé, wọ́n wà ní ilé ìwòsàn ńlá UCH n'Ìbàdàn, wọ́n wà ní ilé ìwòsàn LASUTH n'Ìkẹjà, kí wọ́n kọ̀wé lórí awọ ara, kẹ́ ẹ sì fi àwòrán awọ dúdú bíi tiwa sí i, torí àwọn èyí tí mo rí lórí fóònù, awọ òyìnbó ló pọ̀ jù, ohun tó pupa lára tiwọn lè máà hàn ní pupa lára tiwa.

Ọmọ alákàrà, Òṣogbo