Ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yin oníbàárà wa: ìdí tí abáyà Dùbáì kò fi tíì já wálẹ̀

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú àtìlẹ́yìn o.

Ìbéèrè kan náà ni ẹ ń bi wá lọ́tùn-ún lósì: "Alhaja, wọ́n ní físà Dùbáì ti ń jáde, bàálù sì ti padà, kí ló wá dé tí abáyà ṣì wọ́n báyìí?" Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ lẹ́yìn wa pé èrè àjẹjù ni à ń jẹ. Ó yẹ kí n dáhùn.

Ọ̀rọ̀ owó ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín Nàìjíríà àti UAE, orílẹ̀-èdè tí Dùbáì wà nínú rẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ bàálù òkèèrè ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní náírà, wọn kò sì rí dọ́là rà láti fi kó owó wọn lọ sílé. Ní oṣù keje ọdún 2022, Emirates, iléeṣẹ́ bàálù Dùbáì, sọ pé mílíọ̀nù 85 dọ́là òun ló há síbí. Kí oṣù kẹwàá tó parí, wọ́n ti kó bàálù wọn kúrò, UAE sì ti ti ìlẹ̀kùn físà mọ́ wa. Láti ìgbà náà, ẹni tó ní ìwé ìgbélùú lọ́hùn-ún ló ń bá wa ra ọjà, ó sì ń gba owó iṣẹ́ tirẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu lọ bá Ààrẹ UAE, Mohamed bin Zayed, ní Abu Dhabi, olú-ìlú wọn, a gbọ́ pé ìjà ti parí. Kò parí! Oṣù keje ọdún 2024 ni físà tó ṣí, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ni Emirates tó tún balẹ̀ sí Èkó.

Ìjà parí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìjà yẹn nìkan ló sọ abáyà di ọ̀wọ́n. Dọ́là ni wọ́n so díráàmù, owó wọn, mọ́. Láti ọdún 1997, díráàmù 3.6725 ni dọ́là kan, kò yẹ̀ rí. Bí dọ́là bá ti fò lọ́dọ̀ wa, díráàmù náà fò nìyẹn. Ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí náírà 460 ní bánkì. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, ó ti ju 1,500 lọ. Abáyà díráàmù 100, tó jẹ́ nǹkan bí 12,500 náírà nígbà náà, ti ju 40,000 lọ lópin ọdún 2024 yẹn, a ò tíì ka owó ẹrù àti ti aṣọ́bodè mọ́ ọn. (Àwa tí bánkì kì í tà fún, ọwọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó la ti ń rà. Tiwa ti gun òkè ṣáájú.)

Ẹ tún wò ó, ọ̀pọ̀ ohun tí à ń pè ní ọjà Dùbáì, wọn kì í ṣe é ní Dùbáì. Etí nida, aṣọ tí wọ́n fi ń rán abáyà, tí télọ̀ máa ń gé dànù, Kòríà ló kọ sára rẹ̀. Òmíràn nínú óòdù, igi olóòórùn dídùn inú lọ́fíńdà yín, igbó Assam ní Íńdíà ló ti wá. Ẹni tó bá ti dé Dragon Mart, ọjà ńlá kan ní Dùbáì, mọ̀ pé ọjà Ṣáínà ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Iṣẹ́ agbedeméjì ni tiwọn: kó wọlé ní èbúté Jebel Ali, kó jáde. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bá tọ̀tún tòsì ṣe. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn òwò pẹ̀lú Íńdíà ní ọdún 2022, wọ́n wọ BRICS, ẹgbẹ́ tí Ṣáínà àti Rọ́ṣíà wà nínú rẹ̀, ní 2024, síbẹ̀ ọ̀rẹ́ Amẹ́ríkà ni wọ́n. Lójú tèmi, ọgbọ́n oníṣòwò nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn náà bá Katar tó múlé gbè wọ́n yodì láti ọdún 2017 títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021.

Ti Òkun Pupa náà dá kún un. Nígbà tí àwọn Houthi, ọmọ ogun kan ní Yemen, bẹ̀rẹ̀ sí í kọlu ọkọ̀ níbẹ̀ ní òpin ọdún 2023, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú omi yí gba ìsàlẹ̀ South Africa. Ìrìn gùn, kọ̀ǹténà wọ́n, owó ẹrù sì lọ sókè fún gbogbo wa.

Nítorí náà, iye tí a bá pè fún yín, ọjọ́ mẹ́ta péré ló máa wà bẹ́ẹ̀. A kì í gba owó odindi sílẹ̀ fún ọjà tí kò tíì dé mọ́. Ìdajì ni, ẹ ó san ìyókù nígbà tí ẹ bá fojú rí i. Lọ́fíńdà àti tùràrí tó wà nílẹ̀, iye àtijọ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ abáyà Iléyá, kó tètè fi gígùn àti ejìká rẹ̀ ránṣẹ́, torí ojú omi ni ẹrù máa gbà.

Èmi ni tiyín,
Alhaja Alábáyà