Ọjọ́ tó wà lára físà kọ́ ni ọjọ́ ìpadàbọ̀

Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo rí àwòrán físà Jámánì tí o fẹ́ fi lọ sọ́dọ̀ Àǹtí rẹ ní Hamburg, èyí tí o fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Mo jó. Bàbá rẹ kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́, o mọ bó ṣe máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ohun tí o kọ sábẹ́ rẹ̀, pé 17 oṣù kẹfà lo ń padà bọ̀, mo wá jígí mi wọ̀, mo tún àwòrán náà wò. Tí mo bá ní kí n pè ọ́, wàá ní "ẹ má ṣèyọnu, Màmá", ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ nìyẹn.

Wo ojú físà náà. Wọ́n kọ ọ́ pé láti 04-05-26 títí di 17-06-26. Tí o bá kà á, ọjọ́ 45 ni. Wá wo ibi tí wọ́n kọ iye ọjọ́ sí: 30. Ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni wọ́n fún ọ láti lò láàárín ọjọ́ 45 yẹn. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù, wọ́n fi sílẹ̀ torí pé ìrìn àjò lè yẹ̀ ni. Ìwọ tí o dàgbà sílé nọ́ọ̀sì! Ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́ wà lára páálí, ṣùgbọ́n iye ọjọ́ tí èèyàn máa fi lò ó, dókítà ló ń sọ ọ́.

Ọjọ́ tí o bá wọlé, wọ́n ń kà á, kódà kó jẹ́ aago mọ́kànlá alẹ́ lo dé. Ọjọ́ tí o bá jáde náà, wọ́n ń kà á. Tí o bá wọlé ní 6 oṣù karùn-ún bí o ṣe wí, 4 oṣù kẹfà ni ọgbọ̀n ọjọ́ pé. Mo fi kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì kà á, bàbá rẹ náà tún un kà. Tí o bá sì ní o fẹ́ parí iṣẹ́ ọ́fíìsì ná, tó jẹ́ 25 oṣù karùn-ún lo tó wọlé, má rò pé ọgbọ̀n ọjọ́ ṣì ń dúró dè ọ́. O ò gbọdọ̀ wà níbẹ̀ kọjá 17 oṣù kẹfà, nítorí náà ọjọ́ 24 ló kù fún ọ.

Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Èyí tí o fi hàn mí máa ń yà ní Amsterdam, ní Netherlands. Netherlands àti Jámánì wà lára orílẹ̀-èdè 29 tí wọ́n ń pè ní Schengen, tí físà kan náà ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo wọn. Amsterdam ni wọ́n ti máa yẹ ìwé rẹ wò nígbà tí o bá ń lọ, kì í ṣe Hamburg. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa kà ọ́ sí ẹni tó jáde nígbà tí o bá ń bọ̀. Tí o bá kúrò ní Hamburg ní ọjọ́ ọgbọ̀n, tí o sun Amsterdam mọ́jú, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n lo jáde. Fi ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú máa ń yẹ̀, àìsàn kì í sì í sọ tẹ́lẹ̀. Inṣọ́ránsì rẹ pàápàá, ọjọ́ tí o sanwó fún nìkan ló bò.

Má fi ti Amẹ́ríkà tí mo lọ wé èyí, torí mo mọ̀ pé ibẹ̀ lọkàn rẹ wà. Nígbà tí mo lọ tọ́jú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ, ọdún méjì ni físà mi, àwọn ìyá ìjọ sì ti ń kí mi pé ó dọdún méjì! Ìgbà tí mo lè fi dé ibodè wọn ni ọdún méjì yẹn. Ọ̀gá tó yẹ ìwé mi wò ní pápákọ̀ òfurufú ló fún mi ní oṣù mẹ́fà, ó sì wà nínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní I-94, tí ẹ̀gbọ́n rẹ bá mi wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá wọlé nígbà tó ku ọ̀la kí físà rẹ̀ parí ṣì lè rí oṣù mẹ́fà gbà. Ẹni tó bá sì fi ohun tó lé ní ọjọ́ 180 kọjá ọjọ́ tí wọ́n fún un kó tó kúrò, ọdún mẹ́ta ni wọn ò ní jẹ́ kó wọlé mọ́. Tó bá pé ọdún kan, ọdún mẹ́wàá.

Àwọn kan máa sọ fún ọ pé wọn ò ní mọ̀. Láti oṣù kẹwàá 2025 ni àwọn orílẹ̀-èdè Schengen ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ojú àlejò, tí wọ́n ń gba ìtẹ̀ka, dípò òǹtẹ̀ inú páásípọ́ọ̀tù. Kọ̀ǹpútà ló ń bá wọn kà á. Rántí pẹ̀lú pé Àǹtí rẹ fọwọ́ sí ìwé lọ́dọ̀ ìjọba Jámánì kí o tó rí físà yìí gbà. Tí wọ́n bá ní láti lé ọ kúrò, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti lè gba owó náà. Obìnrin tó ń jí lọ síbi iṣẹ́ ní aago márùn-ún òwúrọ̀!

Ti Lọ́ńdọ̀nù tí Bùsáyọ̀ ń sọ, gbàgbé ẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sí lára orílẹ̀-èdè Schengen 29 yẹn, físà tiwọn lọ́tọ̀. Tìrẹ sì jẹ́ 01, ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo lè fi wọlé: tí o bá ti jáde, kódà kó ṣẹ́ ku ogún ọjọ́, o ò lè fi padà wọlé.

Èlùbọ́ tí Àǹtí rẹ béèrè ti wà nílẹ̀, Ọjà Ọba ni mo ti rà á. Mi ò fi pọ̀nmọ́ sí i o, òfin wọn kò gba ẹran wọlé. Ẹja gbígbẹ ni mo fi dípò rẹ̀.

Má sanwó tíkẹ́ẹ̀tì yẹn títí o fi máa fi ọjọ́ tuntun hàn mí. 1 tàbí 2 oṣù kẹfà ni mo fẹ́ rí níbẹ̀.

Màmá rẹ.