Kí O Tó Yọ Súwíìṣì Tọ́ọ̀ṣì Yẹn

Mopa,
Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú

Tóyìn ọmọ mi,

Òkun o. Ara wa le. Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ léèrè bóyá gàrí lo ṣì ń fi ṣe oúnjẹ alẹ́ ní Lokoja. Ìwọ ni kí o dá a lóhùn ìyẹn.

Ní ti tọ́ọ̀ṣì onípáànù bàbá àgbà rẹ, tí o ní o fẹ́ yọ súwíìṣì rẹ̀ sára àtùpà tí ẹ ń ṣe níléèwé, Ìyá àgbà ni mo kọ́kọ́ lọ bá. Ohun tí olóhun kò tíì yọ̀ǹda kì í ṣe pàǹtí, bó ti wù kó dípẹtà tó. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín. Ó ní tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń ṣa ìgbín lóru, tí wọ́n fi ń dọdẹ, kí lọmọdébìnrin fẹ́ fi ṣe? Ó gbà ṣá, ṣùgbọ́n ó ní páànù rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà wálé láìtẹ̀, láìya. Nítorí náà, yíyọ ni o máa yọ ọ́, o ò ní fọ́ ọ.

Kí o tó mú irinṣẹ́ kankan, mọ ọ̀nà tí iná ń gbà nínú rẹ̀. Orí bátìrì iwájú ló ń kan ìdí glóòbù. Iná á gba inú glóòbù bọ́ sára àwo dídán tó wà lẹ́yìn gíláàsì, á sì ti ibẹ̀ dé orí ọ̀já idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ súwíìṣì. Bí o bá ti súwíìṣì síwájú, ọ̀já yẹn á kan páànù, páànù á wá gbé iná lọ sí ìdérí ẹ̀yìn, sí sípíríǹgì, títí dé ìdí bátìrì tó kẹ́yìn. Wáyà kankan ò sí níbẹ̀. Ara tọ́ọ̀ṣì tí o dì mú lọ́wọ́ gan-an ni wáyà.

Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí bátìrì lithium, irú èyí tó ń wà nínú fóònù, tí o ní ẹ fẹ́ lò. Bátìrì ńlá àtijọ́, fólítì 1.5 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta ló ń wọ inú èyí, ó jẹ́ 4.5. Bí orí àti ìdí wọn bá ṣèèṣì kan irin kan náà, wọ́n á gbóná, wọ́n á sì kú. Ti lithium ò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè kọ 3.7 sí i lára, kó dé 4.2 tó bá kún, ṣùgbọ́n agbára tó lè tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà pọ̀ débi pé ó lè gbiná. Bébà tó wà nínú páànù yìí, tí kì í jẹ́ kí bátìrì kàn án, ti ya. Má ki lithium bọ̀ ọ́ láé. Súwíìṣì nìkan ni kí o mú, kí ẹ fi pákó tàbí ike ṣe ilé àtùpà yín.

Bẹ́ẹ̀ ni o, ẹnikẹ́ni nínú yín ò gbọdọ̀ so súwíìṣì yìí mọ́ iná NEPA. Irin lásán ni, kò sí ohun tó máa dá iná 230 dúró kó tó dé ìka ọwọ́ ẹni tó bá tì í.

Iwájú ni mo gbà kó bátìrì jáde, torí ìdérí ẹ̀yìn ti lẹ̀. Ta kẹrosíìnì díẹ̀ sí etí rẹ̀, kí o jẹ́ kó mọ́júmọ́. Ẹ̀tù funfun tí o máa bá nínú rẹ̀, omi bátìrì ló gbẹ. Má fi ọwọ́ yẹn nu ojú.

Súwíìṣì náà ò ní sukúrù. Rífẹ́ẹ̀tì méjì, ìṣó kúkurú tí wọ́n ti lu orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, ló dè é, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń bínú fa òòlù yọ. Gbẹ́ igi kan tó máa wọ inú páànù rẹ́gí, kí páànù má baà tẹ̀. Fi fáìlì rin orí rífẹ́ẹ̀tì láti ìta, díẹ̀díẹ̀, títí orí yóò fi tán. Lẹ́yìn náà, yọ igi yẹn, kí o fi ìṣó tí ẹnu rẹ̀ kú ti ìyókù wọlé. Tẹ́ aṣọ sílẹ̀ kí o tó ṣe é: sípíríǹgì kékeré kan wà lábẹ́ bọ́tìnnì pupa, ó lè fò. Fóònù tí ẹ fi ń ya fọ́tò oúnjẹ kẹ́ ẹ tó jẹ ẹ́, fi ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ bí o ṣe ń tú u.

Idẹ rẹ̀ á ti hu àwọ̀ ewé. Sáńpépà kíkúnná ló máa yọ ọ́, ṣùgbọ́n má hó o títí tí á fi fẹ́lẹ́. Fi bátìrì 1.5 kan, glóòbù àti wáyà dán an wò kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ nǹkan kan.

Ẹnì kan lè sọ fún ọ pé súwíìṣì tuntun ò wọ́n lọ́jà. Òótọ́ ni. Bó bá jẹ́ pé kí àtùpà sáà tàn nìkan lẹ ń wá, ẹ ra tuntun, kí Ìyá àgbà mú nǹkan rẹ̀. Mo rò pé o fẹ́ rí inú rẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀ ẹ́ fún ọ.

Awakọ̀ tó ń gba Kabba bọ̀ ni mo kó tọ́ọ̀ṣì náà fún. Mo ti san owó rẹ̀, má san òmíràn. Glóòbù wà nínú páálí ìṣáná, mo fi òwú wé e.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.