Sí Olóòtú: Àmì ohùn wa ń jẹ àyè nínú orúkọ fáìlì

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ máa ń ní ká fàmì sórí Yorùbá tá a bá ń kọ ọ́, èmi sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí kan orúkọ fáìlì. Ẹkún ìyàwó àti ìjálá ni mo ń gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, ìlà àkọ́kọ́, orúkọ abúlé àti ọjọ́ ni mo sì fi ń sọ fáìlì kọ̀ọ̀kan lórúkọ, tó bá gùn kó gùn. Windows gbà wọ́n láìjanpata. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi flash gbé wọn wá sórí kọ̀ǹpútà Linux tó ń gba NFS (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà kan ń gbà lo fáìlì tó wà lórí òmíràn) wọ sávà, ìyẹn kọ̀ǹpútà àjùmọ̀lò ọ́fíìsì wa, àwọn kan wọlé, àwọn kan takú, "File name too long" ni mo ń rí.

Ọmọkùnrin tó ń bá wa tọ́jú sávà ní irọ́ ni, pé 255 ni sávà ń gbà, ta ló ń kọ orúkọ tó tó 255 lẹ́tà? Báìtì, ìwọ̀n àyè tí lẹ́tà ń gbà nínú kọ̀ǹpútà, ni ext4 tó ń to fáìlì sórí sávà wa ń kà o, kì í ka lẹ́tà! a jẹ́ báìtì 1, á jẹ́ 2, ẹ jẹ́ 3, ẹ́ jẹ́ odidi 5, bẹ́ẹ̀ Windows, tí kì í ka báìtì ní tiẹ̀, ka ẹ́ yẹn sí ẹyọ 2 péré, àwa tá a ń fàmì sọ́rọ̀ lọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ ń bá. Fódà tí wọ́n bá sì fi eCryptfs (ètò tó ń sọ fáìlì di àṣírí) tì, báìtì 143 ni tiẹ̀.

Ohun tó dùn mí ni pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa méfò rárá. Láti 1995 tí wọ́n ti tẹ ìlànà NFS ẹ̀yà 3 jáde ló ti ní ìbéèrè kan tí wọ́n ń pè ní PATHCONF, kọ̀ǹpútà á bi sávà pé báwo ni orúkọ ṣe lè gùn tó lọ́dọ̀ ẹ, tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ ṣé wàá kọ̀ ọ́ ni àbí wàá rọra gé e. Ẹ lọ sí terminal, ojú ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún Linux, ẹ wọ inú fódà tẹ́ ẹ fẹ́ kó fáìlì sí gan-an kẹ́ ẹ tẹ getconf NAME_MAX . (ẹ ò gbọdọ̀ gbàgbé àmì ìdánudúró yẹn o), nọ́ńbà á jáde, kẹ́ ẹ fi wé orúkọ fáìlì yín kẹ́ ẹ tó kó ẹrù.

Ọmọkùnrin tó ń tọ́jú sávà yẹn ò bèèrè nǹkan kan, ó kọ script, ìyẹn àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, tó bọ́ gbogbo àmì kúrò tó sì gé orúkọ kù lórí flash mi, bí ẹkún àti ẹkùn ṣe di ekun kan náà nìyẹn, ẹkún ìyàwó kan gorí ìjálá ẹkùn, ó pa á rẹ́ ráúráú. Èmi náà ti pa ti orí láptọ́ọ̀pù rẹ́, ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Bàbá ọdẹ tó sun ìjálá ọ̀hún ṣì wà, mo ń padà lọ bá wọn lọ́jọ́ Sátidé, orúkọ kúkúrú ni màá fún fáìlì lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n àmì á wà lórí ẹ.

Èmi ni òǹkàwé yín, láti Ìsẹ́yìn.