Ta Ní Kó Jẹ́ Ogójì? Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọmọ Òṣogbo Tó Ń Ṣe Eré

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú oríire kámẹ́rà tuntun. Méjì nínú yín wá bá mi nílé ní Òkè-Fìà lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n mú ìwé ìkọ̀wé kan dání. "Baba, ẹ bá wa wò ó, apá 40 la fẹ́ ṣe." Mo wọ awò ojú mi. Nígbà tí mo máa fi dé apá 9, ìyàwó ti rí ọmọ rẹ̀ tó sọnù, ìyá ọkọ ti jẹ́wọ́, ọlọ́pàá ti dé. Láti apá 10 títí dé 40, àlá ni wọ́n ń lá, tí wọ́n sì ń rọ́ ọ fún ara wọn. Mo bi wọ́n pé ta ní kó jẹ́ 40. Èyí tó ga nínú wọn ní, "Baba, kó ṣáà lè pọ̀ ni."

Kó lè pọ̀ kẹ̀! Ẹni tó ń sanwó eré ló ń ka apá rẹ̀, ibi yòówù kí ẹ dé láyé.

Nílé iṣẹ́ tẹlifíṣàn tí mo ti ṣiṣẹ́, apá 13 ni, ọ̀kan lọ́sẹ̀. Ìtàn ìbáà gùn, ìbáà kúrú, 13 ni. Ọ̀sẹ̀ 52 ló wà nínú ọdún. Pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, 13 ni yóò bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Kọ́tà là ń pè é. Onígbọ̀wọ́ á ra kọ́tà kan, á sanwó kọ́tà kan, akọ̀wé eré á wá máa wá bí ìtàn rẹ̀ yóò ṣe gba inú kọ́tà. Lọ́dún kan, onígbọ̀wọ́ wa, àwọn kan tó ń ta ọṣẹ, yọwọ́ lọ́sẹ̀ kẹjọ. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, orí àìsàn ni ìyàwó kékeré wà nínú eré. Eré dúró síbẹ̀. Títí dòní, ìyá kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ní Ọjà Ọba ṣì máa ń bi mí bóyá obìnrin náà padà dìde.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí l'Ámẹ́ríkà. Láwọn ọdún 1950, eré kan lè ní apá 39 lọ́dún, ìyẹn kọ́tà mẹ́ta gbáko, tí wọ́n á sì fi àwọn tí wọ́n ti ṣe rí dí àkókò ẹ̀rùn wọn. Nígbà tó yá tí owó iṣẹ́ ń gùnkè, ó wálẹ̀ sí nǹkan bí 22, láti oṣù kẹsàn-án sí oṣù karùn-ún. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń débẹ̀: ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn á kọ́kọ́ ní kí àwọn tó ń ṣe eré lọ ṣe 13, bí àwọn èèyàn bá ń wò ó, wọ́n á fi 9 lé e. Bí wọn ò bá wò ó, 13 ọ̀hún gan-an lè má pé. Ohun tí wọ́n sì ń lé ni 100. Eré tó bá ní tó apá 100 ṣeé tà fún àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké tí yóò máa fi í hàn láti Mọ́ńdè sí Fúráìdè. Ọ̀sẹ̀ 20 á kọjá kó tó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ibi àtúntà yẹn lowó wà.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò bá wọn du ìyẹn. Apá 6 tó wọn, torí ẹnì kan tàbí méjì ló sábà ń jókòó kọ gbogbo rẹ̀, kì í ṣe odidi yàrá tó kún fún akọ̀wé. John Cleese àti Connie Booth kọ eré apanilẹ́rìn-ín kan tó ń jẹ́ Fawlty Towers, apá 6 lọ́dún 1975, apá 6 lọ́dún 1979, ó parí. Èmi fẹ́ràn tiwọn ju ti Amẹ́ríkà lọ, kí n má purọ́.

Netflix ò ní aago mẹ́jọ alẹ́ kan tó gbọ́dọ̀ fi nǹkan dí. Owó oṣooṣù ló ń gbà, eré tuntun ló sì ń pe oníbàárà tuntun wọlé, ni 8 tàbí 10 bá tó o. Inú àwọn akọ̀wé eré l'Ámẹ́ríkà ò dùn sí i, torí bí apá bá ṣe dín ni oṣù iṣẹ́ wọn ń dín. Ó wà lára ohun tó bí wọn nínú nígbà tí wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 148 lọ́dún 2023.

Ẹ̀yin wá ńkọ́? YouTube ló ń ka tiyín. Ó fẹ́ kí 1,000 èèyàn forúkọ sílẹ̀ lójú òpó yín, kí wọ́n sì fi wákàtí 4,000 wò yín láàárín ọdún kan, kí owó ìpolówó fídíò yín tó yà sọ́dọ̀ yín. Fídíò tó bá tó ìṣẹ́jú 8 ló sì lè gba ìpolówó sí àárín. Mo mọ̀ pé ìyẹn ló fà á tí ọ̀gá àgbà inú eré yín fi ń lo ìṣẹ́jú méjì láti yàrá dé pálọ̀. Ẹ tún ìrìn yẹn ṣe, jọ̀wọ́.

Ẹ fi 40 sílẹ̀, ẹ ka ọjọ́ tí ẹ ní. Bí òjò bá ti ń lu páànù ilé tí ẹ fẹ́ lò yẹn, a ò ní gbọ́ ohun tí ìyàwó ń sọ. Bí ọdún Ọ̀ṣun bá dé lóṣù kẹjọ, níbo lẹ ti fẹ́ rí yàrá hòtẹ́ẹ̀lì olówó pọ́ọ́kú fún òṣèré tí ẹ ń pè láti Èkó? Lóṣù ààwẹ̀, ẹ má gbé ìran ìjà sí ọ̀sán. Ọmọkùnrin tó ń ṣe ọkọ sì ń retí ìwé NYSC. Bí wọ́n bá gbé e lọ sí Sókótó ní apá 7, ta ni yóò ṣe ọkọ? Ẹ ṣe 6. Ẹ ya mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tán pátápátá kí ẹ tó gbé ẹyọ kan jáde. Ẹ ó ní òǹwòran á gbàgbé yín. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́lùbọ́ yẹn.

Ìwé yín ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Mo ti fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ apá 9, mo sì ti sàmì sí àwọn tó yẹ kó wọnú ara wọn. Ẹ wá gbà á lọ́jọ́ Sọ́ńdè lẹ́yìn aago mẹ́rin, kí ẹ kọ iye epo tí jẹnẹrétọ̀ yín ń jó lójúmọ́ dání.

Èmi ni,
Baba yín ní Òkè-Fìà