Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́: Ìwé ogun Bọ́mà tí mò ń kọ

Òkè-Bálógun,
Ẹ̀pẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú àtìpó o. Àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́? Àlàáfíà la wà níbí, àfi òjò tó ń dà wá láàmú.

Mo rí ohun tó o sọ nípa ìwé mi. O ní kí n jẹ́ kí Lásísì, sójà ará Ẹ̀pẹ́ tí ìtàn mi dá lé, fẹ́ obìnrin kan ní Íńdíà, kí àṣírí ìdílé náà jẹ́ ọmọ tó bí sọ́hùn-ún. Háà! Ìwọ àti àwọn ìwé ìfẹ́ tó ò ń kà nínú ọkọ̀ ojú irin ní Kánádà yẹn. Mi ò gbà o. Bí àṣírí bá wà ní Íńdíà, kí ló kan ará Ẹ̀pẹ́ níbẹ̀? Èyí tó ń bá wọn gbé inú ilé, tí gbogbo àgbà mọ̀ tí wọ́n sì dákẹ́, òun ni mo fẹ́ kọ.

Òótọ́ ni pé mo gbádùn láti máa wádìí ọ̀rọ̀ ogun yẹn. Ogun Hitler làwọn àgbà wa ń pè é. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun kejìlélọ́gọ́rin ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni mo fi Lásísì sí. 1944 ni ọkọ̀ òkun gbé wọn lọ. Ṣé o mọ àmì tó wà léjìká wọn? Ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn, tó gba inú òṣùká alárùú kọjá. Òṣùká o, Àbẹ̀kẹ́! Igbó Arakan ní Bọ́mà kò ní ọ̀nà mọ́tò, orí làwọn èèyàn wa fi ń ru ẹrù ogun, bàálù ló sì ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn látòkè. Ní oṣù Kìíní 1945 ni wọ́n gba ìlú Myohaung. Gbogbo ìgbà tá a máa ń kọjá níwájú bárékè Arakan ní Àpápá, àti Dodan ní Ìkòyí, orúkọ ojú ogun Bọ́mà la ń pè lẹ́nu, a ò tiẹ̀ bìkítà.

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Àṣàbí ìyàwó rẹ̀ ni ìtàn mi wà. Gàrí ló ń kó wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ẹbúté Èrò. Ìgbà yẹn ni ìjọba fi iye lé oúnjẹ l'Ékòó, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Captain Pullen ló ń bójú tó o. Iye tí wọ́n ní kí wọ́n máa tà á kò kájú iye tí wọ́n fi rà á. Alimotu Pelewura kó àwọn obìnrin ọjà Èkó sòdí, wọ́n ní àwọn ò gbà. Mo fi Àṣàbí sáàárín wọn. Obìnrin tí ọjà ò pé, tí ọkọ wà lójú ogun, tó wá ń retí lẹ́tà.

Lẹ́tà yẹn gan-an ni wàhálà. Lásísì ò mọ̀wé, Àṣàbí ò mọ̀wé. Sójà ẹgbẹ́ Lásísì ló ń bá a kọ ọ́ lọ́hùn-ún, ọ̀gá sójà á yẹ̀ ẹ́ wò, á pa èyí tí kò fẹ́ rẹ́, lẹ́tà á wá dé Ẹ̀pẹ́, Tíṣà á kà á fún Àṣàbí. Tíṣà yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi tiẹ̀ kún un. Díẹ̀ díẹ̀ ni o. Ìwọ náà ti mọ ibi tó ń lọ.

Jẹ́ kí n kọ ibi tí mo fẹ́ràn jù fún ọ. Lásísì dé ní 1946. Ẹbí ti sọ ọmọ tí Àṣàbí bí lórúkọ kó tó dé, ẹnikẹ́ni ò sì wí nǹkan kan. Lálẹ́, ó ń jẹ ẹ̀bà, Àṣàbí jókòó tì í, ó ń fi ẹ̀rín sọ ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà tó ti há sórí: “O ní tó o bá ru ẹrù gun òkè, orúkọ mi lo fi ń ka ìṣísẹ̀.” Òkèlè dúró lọ́wọ́ Lásísì. Gbogbo ohun tó máa ń ní kí wọ́n bá òun kọ kò ju kí wọ́n kí ìyá òun, kí Àṣàbí gba owó rẹ̀ ní pósítọ́fíìsì. Ọmọ náà rá kòrò dé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó di okùn bàtà sójà mú. Lásísì wo ọmọ, ó wo ìyá rẹ̀. Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ni mo kọ ọ́.” Ó bá gbé òkèlè náà mì.

Ọkọ mi ka ibẹ̀, ó ní irọ́ ni, kò sí ọkùnrin tó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní ṣé òun náà ti lọ Bọ́mà rí ni?

Má sì retí àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì o. Gbogbo ìwé ìfẹ́ ayé ogun ló ní àpótí kan tí ọmọ-ọmọ máa ṣí. Tèmi, ilẹ̀ ló tú àṣírí. O mọ bí ilẹ̀ ṣe di wúrà lápá ibí látìgbà tí ilé-iṣẹ́ epo àti èbúté ńlá ti dé Lẹ́kì. Lásísì ti kú, ó fi ìyàwó mẹ́ta sílẹ̀. Bí wọ́n bá pín owó ilẹ̀ ní ìdí igi, ìyẹn ìpín kan fún ìyàwó kọ̀ọ̀kan àti ọmọ rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí Àṣàbí bí máa dá ìdá kan nínú mẹ́ta gbà, nígbà tí àwọn ọmọ ìyàwó kékeré, méje, máa dìgbò lu ìdá kan. Àwọn yẹn ló mú ìwé ìtúsílẹ̀ bàbá jáde, èyí tí wọ́n fi ń yangàn látọjọ́ yìí, wọ́n wo ọjọ́ tó wọkọ̀ lọ àti ọjọ́ tó dé, wọ́n wá ń ka oṣù.

Ibẹ̀ ni mo bá a dé. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀ ọ́ báyìí. Àmì ẹ̀yẹ Bọ́mà tí bàbá Màmá yín gbà, ìràwọ̀ olórígun mẹ́fà yẹn, tó ní rìbọ́ọ̀nù pupa láàárín, búlúù àti àwọ̀ ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́, bá mi ya fọ́tò rẹ̀, tojú tẹ̀yìn. Ìjọba kì í kọ orúkọ sójà sí i, torí náà wò ó dáadáa bóyá bàbá fi ìṣó ha tiẹ̀ sí i.

Bá mi kí Màmá gan-an. Kó o sì bi wọ́n, ta ló máa ń ka lẹ́tà Bọ́mà fún ìyá wọn? Má sọ ìdí tí mo fi ń béèrè fún wọn o.

Èmi ni,
Mojí